Ọjọ́ méje pẹ̀lú odò Ògùn, láti Ṣakí dé ọ̀sà Èkó

Ọjọ́ Ajé: Mile 12 sí Ṣakí

Ilà kan wà lára ògiri pálọ̀ ìyá mi ní Mile 12, ó ga tó ìbàdí mi. Omi odò Ògùn ló fà á síbẹ̀ nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá ti kun ilé náà látìgbà yẹn, ilà náà ò yéé yọ lábẹ́ ọ̀dà. Nínú ilé yìí kan náà, bí oṣù Èrèlè bá ti wọlé, ọwọ́ mẹ́rúwà la ti ń ra omi. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lórí ọmọlanke, owó rẹ̀ á sì máa lọ sókè bí oòrùn ṣe ń mú sí i. Odò tó wọlé wá bá wa láìpè nínú Ọ̀wàrà, òun kan náà la máa ń wá tí a ò rí tó bá di Ẹrẹ́nà.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya odò Ògùn sára pátákó: orísun rẹ̀ lápá Ṣakí, odò Ọ̀fíkì tó dà sínú rẹ̀, odò Ọ̀yàn tó bá a pàdé kó tó dé Abẹ́òkúta, ẹnu rẹ̀ nínú ọ̀sà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan ní JSS 2 na ọwọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" N kò rí èsì fún un. Nígbà tí sáà kejì parí lọ́jọ́ Ẹtì, mo di ẹrù sínú báàgì kan, mo sọ fún màmá pé mò ń lọ wo ibi tí omi tó ń wọlé wa ti ń bọ̀.

Màmá ní, "Bó o bá débẹ̀, bá mi bi í pé kí la ṣe é."

Ọ̀jọ́ta ni mo ti wọ mọ́tò Ìbàdàn. Mo bọ́ sí òmíràn ní Mọ́níyà tó ń lọ Ìṣẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè sì jókòó tì mí. Bó ṣe gbọ́ ohun tí mò ń wá lọ, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Ògún ọdún 2011 ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ìbàdàn ló wà lọ́jọ́ náà. Milimítà òjò 187.5 ló rọ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, àwọn tó bómi lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. "Orí àjà la sùn mọ́jú, Àǹtí," ó ní, "àwọn tó wà nílé kejì ò rí àjà gùn." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ìṣẹ́yìn.

Kì í ṣe odò Ògùn ló ṣe ti Ìbàdàn, odò Ọ̀nà àti àwọn ọmọ odò bí Ògùnpa ni. Ṣùgbọ́n òjò tó ń bọ́ sínú àwọn odò yìí ti yí padà, ọ̀nà kan náà ló sì gbà yí padà fún gbogbo wọn. Èéfín epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀ tí ayé ń sun láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn ti fi ooru tó lé díẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kan kún ti tẹ́lẹ̀. Létí, ó dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná tó ló ṣe ń gba omi sára tó: ìwọ̀n kan péré, á gbé nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún omi lé ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kò bá tíì rọ̀, afẹ́fẹ́ yìí ń fa omi kúrò lára ilẹ̀, lára ewé, lójú odò. Nígbà tó bá máa rọ̀, á dà á sílẹ̀ gìrì. Ohun tí mo máa ń kọ́ wọn ní kíláàsì nìyẹn. Alẹ́ ti lẹ́ kí n tó wọ Ṣakí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ṣakí

Ọ̀rẹ́ màmá mi láti ìgbà ọmọge ni mo wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ti ń gbá ilẹ̀kùn.

"Tíṣà, dìde o. Tó o bá fẹ́ wẹ̀, ká tètè lọ sí kànga. Tó bá fi di aago mẹ́fà, ẹrẹ̀ la máa fà sókè."

Àwọn mẹ́tàdínlógún ló ti wà níwájú wa nínú òkùnkùn, àwọn míì jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n ń tòògbé. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju mẹ́sàn-án lọ gbé orí lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Wọ́n ti mọ ètò rẹ̀: ike méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ sí i á padà sẹ́yìn.

Nígbà tó kàn wá, Ìyá Ìbejì fi okùn lé mi lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀. Èyí tó so mọ́ ike jẹ́ búlúù, oòrùn ti mu ún débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Wọ́n so okùn pupa mọ́ ọn. Wọ́n tún wá so aláwọ̀ ewé mọ́ pupa, èyí ṣì ń dán, kókó rẹ̀ ṣì le. Ìyá Ìbejì ní nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga náà, búlúù nìkan ń débẹ̀, ó sì ń ṣẹ́ kù sọ́wọ́ tí wọ́n fi ń wé e mọ́ igi. Ọdún tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wọ girama ni wọ́n so pupa mọ́ ọn. Ìdúnta ni ti aláwọ̀ ewé. Mo sọ ike sílẹ̀, okùn ń sáré gba àtẹ́lẹwọ́ mi kọjá, búlúù lọ, kókó àkọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí, pupa lọ, kókó kejì. Ìró tí mo gbọ́ nísàlẹ̀ kò jọ ti omi. Ó jọ ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ gbá amọ̀ tútù. Ìdajì ike ni mo fà jáde, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi kòkó tí wọ́n fi mílíìkì sí.

Àpáta líle ni Ṣakí jókòó lé, bíi gbogbo Òkè-Ògùn. Àpáta bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jú omi. Ìyẹ̀pẹ̀ tó bò ó lókè àti ojú ibi tó ti sán nìkan ni omi ń rí sá sí, ibẹ̀ kò sì jìn. Èyí túmọ̀ sí pé òjò ọdún kan ló ń tọ́jú ẹ̀ẹ̀rùn kan, kò sí àjẹṣẹ́kù èṣí tí èèyàn lè gbójú lé. Òjò tó bá rọra ń rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń wọlẹ̀ lọ bá kànga. Èyí tó bá rọ̀ wàrà fún wákàtí kan tó sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbàrá lásán ni, ó ti dé odò kí ilẹ̀ tó lanu. Bí ẹ bá ka milimítà òjò ọdún náà lápapọ̀, ẹ lè má rí àléébù kan. Kànga ló máa ń rí i.

Lọ́sàn-án, Bàbá Ìbejì mú mi lọ sóko. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka tú àgbàdo kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewé rẹ̀ ti ká bí ẹní, gbòǹgbò rẹ̀ ò gùn ju ìka mi lọ.

"Ẹ wò ó, Tíṣà. Òjò kan rọ̀ láàárín oṣù tó kọjá, ilẹ̀ mu dáadáa. Gbogbo wa ní àkọ́rọ̀ ti dé, a sáré gbin àgbàdo. Látọjọ́ náà, kò tún kán tó mọ́. Irúgbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ rí nílẹ̀ yìí."

Mo bi í pé báwo ni bàbá rẹ̀ ṣe máa ń mọ̀. Ó ní lékeléke ni wọ́n ń wò. Tí lékeléke bá ti ń ṣí lọ, wọ́n á mú ọkọ́. "Lékeléke ṣì ń lọ bó ṣe ń lọ," ó ní, "òjò ni kò tẹ̀ lé e mọ́." Ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò, ó dìde, ó ń wo òkè. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ọjọ́rú: Orísun

Ọdẹ kan tó mọ Bàbá Ìbejì ló ṣamọ̀nà mi. Ọ̀kadà ló gbé wa jìnnà, a wá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà òkè Ìgàrán, níbi tí odò Ògùn ti ṣẹ̀. Àpò èédú tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fi ewé dí ẹnu wọn, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tó máa kó wọn lọ sí ìlú ńlá. Mo dúró kí obìnrin kan tó ń di tirẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ ni òun. Iṣu òun jóná mọ́ ilẹ̀ lọ́dún méjì tẹ̀ léra, owó ilé ìwé ò sì dúró de òjò. Ìgbà yẹn lòun bẹ̀rẹ̀ sí í sun igi. Igi irúgbá wà lára èyí tí wọ́n ti gé lulẹ̀, igi òrí náà wà níbẹ̀.

Mi ò ní di gbogbo ẹrù yìí lé ojú ọ̀run lórí. Igi tó wà lórí òkè ló ń gba òjò mú, tó ń jẹ́ kó rọra wọlẹ̀; tí a bá gé e, àgbàrá á ráyè. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ obìnrin yẹn, dúdú dé ìgúnpá, n kò rí ẹ̀bi tí mo lè dà lé e. Òjò tó kùnà ló lé e wọ inú igbó, igbó tó ti ṣí sílẹ̀ á sì tún bá kànga rẹ̀ jà.

A dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ọdẹ náà dúró, ó fi ìbọn rẹ̀ tọ́ka. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sinmi ni. Ohun tó wà níwájú wa ni ojú àpáta kan, ewé gbígbẹ, àti ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré kan tí kò ju ẹní méjì lọ. Oyin ń bà létí rẹ̀. Ẹsẹ̀ màlúù ti tẹ ẹrẹ̀ rẹ̀ yí ká, ojú ẹsẹ̀ náà ti gbẹ, ó le bíi bíríkì. Láti inú ọ̀gọ̀dọ̀ náà, ilà iyanrìn tín-ín-rín kan gba àárín òkúta lọ sísàlẹ̀. Odò Ògùn nìyẹn. Ó lé ní irinwó kìlómítà sí i kó tó dé ọ̀sà, ibi tó ti gbéra rèé, kò ṣàn.

Ọdẹ ní nígbà tóun wà lọ́mọkùnrin, omi ń yọ́ gba iyanrìn yẹn kọjá títí Ẹrẹ́nà fi ń parí, tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kì í dá. "Ẹran máa ń wá mu ún lálẹ́, ibí la ti ń dúró dè wọ́n. Ní báyìí, inú Ọ̀pẹ̀ ló ti ń dá." Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ omi náà. Ó tutù.

Yemọja ló ni odò yìí. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa gbé orúkọ rẹ̀ sọdá òkun dé Bahia àti Kúbà. Lọ́jọ́ kejì oṣù Èrèlè, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kó òdòdó lọ bá a létí òkun ní Salvador, wọ́n á wọ funfun, wọ́n á máa kọrin sí i. Mo ronú nípa wọn níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí. Omi ìyá wọn tó wà níwájú mi kò ju ohun tí màlúù mẹ́wàá máa mu tán lọ.

Ọjọ́bọ̀: Dáàmù Ìkèrè

Wọ́n dí odò Ògùn ní Ìkèrè, lápá Ìṣẹ́yìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Adágún tó kó jọ sẹ́yìn ògiri náà lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà, ó sì bá igbó ọba Ọ̀yọ́-Ilé pààlà. Èrò ìgbà náà ni pé á fún àwọn ìlú yíká lómi, á bomi rin oko lẹ́ẹ̀rùn, á sì fún wọn níná.

Apẹja kan gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a jìnnà sí etí omi, mo rí i: ilà kan lára àpáta, tó yí gbogbo adágún ká. Lókè ilà náà, àpáta dúdú, ewéko hù sí i. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àpáta funfun bí egungun, ó lọ sísàlẹ̀ ju gíga ilé kan lọ kó tó kan omi. Ibi tí omi dé lóṣù Ọ̀wàrà nìyẹn. Ọkàn mi lọ tààrà sí pálọ̀ wa ní Mile 12. Níbẹ̀, omi fi ilà sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kó dé. Níhìn-ín, ilà náà wà níbi tí omi yẹ kó wà, omi ti fi í sílẹ̀ lọ.

"Ṣé àwọn ará ìlú ló ń lò ó tó yẹn?" mo bi apẹja.

"Rárá o, Àǹtí. Oòrùn ni." Ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ̀ẹ̀rùn tó gùn báyìí, bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ lọ́sàn-án, ó dà bíi pé ẹ ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lá a."

Òótọ́ ló sọ. Adágún gbalasa bẹ́ẹ̀, kò sí ìbòji lórí rẹ̀, ooru tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ń fa omi lójú rẹ̀ láàárọ̀ títí dalẹ́. A gbẹ́ ìkòkò ńlá kan láti tọ́jú omi òjò di ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnu ìkòkò náà ló fẹ̀ jù. Kùkùté igi tó ti wà lábẹ́ omi láti nǹkan bí ogójì ọdún ń yọrí báyìí, apẹja ń yà fún wọn bí awakọ̀ ṣe ń yà fún kòtò. Ó fi ẹja òbòkún kan dá mi lọ́lá. Mi ò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì: Ìṣẹ́yìn sí Abẹ́òkúta

Ojú ọ̀nà ni mo wà jálẹ̀. Eruku, ooru, mọ́tò tó takú lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo afárá tí a gùn, mo ń yọjú: iyanrìn, iyanrìn, ọ̀gọ̀dọ̀ kan tí àwọn ọmọ ń wẹ̀, iyanrìn. Nígbà tí a ń sún mọ́ Abẹ́òkúta, mo rí ìkùukùu àkọ́kọ́ látọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Ọ̀yàn

Ibí ni mo fẹ́ dé jù nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, nítorí láti ọdún 2010 ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò wa. Tí omi bá ti ń gun òkè ní Mile 12, wọ́n á ní, "Wọ́n ti ṣí Ọ̀yàn." Bíi pé ẹnì kan wà níbì kan tó mọ̀ wá lórúkọ.

Odò Ọ̀yàn ni wọ́n dí, nǹkan bí ogún kìlómítà sí Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù náà lọ́dún 1983. Ògiri rẹ̀ gùn ju kìlómítà kan lọ. Ó lè gba mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kó máa fún Èkó ní mílíọ̀nù 525 lítà lójúmọ́, kó fún Abẹ́òkúta ní mílíọ̀nù 175. Ilẹ̀kùn irin mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìbarò ni mo kọ́kọ́ yà sí, ọ̀kan nínú àwọn abúlé tó wà létí adágún. Àwọn ọmọ ń ṣeré nínú omi. Màmá kan tó ń fọ aṣọ sọ fún mi láìwo ojú mi pé àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ máa ń tọ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí ajá ni, àrùn tó ti ń yọ àwọn abúlé bí Ìbarò, Abúlé Titun àti Ìmálà Odò lẹ́nu látìgbà tí omi ti dúró síbẹ̀. Ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń gbé kòkòrò rẹ̀ kì í fẹ́ omi tó ń sáré, omi tó dúró tó sì gbóná ló fẹ́. Mo béèrè pé ṣé kò sí kànga. Ó ní ó wà. "Ó ti gbẹ. Inú Ṣẹ́rẹ́ ló gbẹ. Níbo lẹ fẹ́ káwọn ọmọ ti rí omi wẹ̀?" Obìnrin yẹn ò rojọ́, iṣẹ́ ló ń ṣe bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ènìyàn yìí fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ kí Èkó lè rí omi mu, àwọn ọmọ wọn ló wá ń fi ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ san án.

Lọ́sàn-án, mo pàdé bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dáàmù, tó ṣì ń gbé nítòsí. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo sọ ohun tó gbé mi wá fún un, mo sọ ti ilà ara ògiri. Mo ti ń bínú sí ẹnì kan tí n kò mọ̀ látọdún 2010, mo sì jẹ́wọ́ èyí náà fún un. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó mú igi kékeré kan, ó fa ìlà mẹ́ta sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ wò ó. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni omi inú Ẹrẹ́nà. Èyí tó wà lókè, tó bá kọjá ibẹ̀, ògiri dáàmù lè ya, tó bá sì ya, ọ̀rọ̀ Mile 12 kọjá ilà ara ògiri. Àárín ni mo gbọ́dọ̀ wà. Láyé ijọ́un, a mọ̀ pé nínú Ògún, òjò á sinmi díẹ̀, a ó rí àyè jo omi sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nínú Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, á tún dé, a ó kún dáàmù de ẹ̀ẹ̀rùn. Ní báyìí, ọdún kan, Ògún ò sinmi. Ọdún kejì, Ọwẹ́wẹ̀ gbẹ fúrúfúrú, gbogbo òjò rẹ̀ wá kó ara wọn jọ sínú ọ̀sẹ̀ kan nínú Ọ̀wàrà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí n tètè tú u sílẹ̀ kí àyè lè wà, kí n wá máa wá omi fún yín nínú Èrèlè? Àbí kí n tọ́jú rẹ̀ fún Èrèlè, kí òjò alẹ́ kan wá fi tipátipá mú mi ṣí ilẹ̀kùn?"

N kò rí ìmọ̀ràn kankan gbà á. Àkọsílẹ̀ òjò ọdún tó ti kọjá ni wọ́n fi ń kọ́ irú dáàmù báyìí, òun náà ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣí i. Gbogbo ètò rẹ̀ gbára lé e pé ọdún tó ń bọ̀ á jọ èyí tó lọ. Orúkọ tí àwọn baba wa fún àwọn oṣù gan-an gbára lé e. Ọ̀wàrà: òjò tó ń rọ̀ wàrà. Ìmọ̀ ni wọ́n kó sínú orúkọ yẹn, ìmọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, a sì ti ba ìmọ̀ náà jẹ́ láàárín ìran méjì. Nígbà tí mo wí bẹ́ẹ̀ fún bàbá náà, ó mi orí. Ó fi ẹsẹ̀ pa ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́.

Mo padà lọ dúró lórí ògiri kí oòrùn tó wọ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní títì. Mo wo ìsàlẹ̀, níbi tí omi tó wọ pálọ̀ wa ti gbéra. Inú tó ń bí mi látọdún 2010 wá ń wá ibi tó máa jókòó sí, kò rí.

Ọjọ́ Àìkú: Abẹ́òkúta sí ilé

Àárọ̀ kùtù ni mo dúró lórí afárá Láfẹ́nwá. Ògùn ti di odò gidi níbí, ó ń ṣàn, nítorí omi tí Ọ̀yàn ń jò fún un. Bí wọ́n bá dá omi yẹn dúró nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tó máa kù lábẹ́ afárá yìí kò ní pọ̀. Ìyá oníbùkà tó fún mi ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín rántí alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá oṣù Agẹmọ ọdún 2018, nígbà tí àwọn odò kéékèèké inú ìlú kún lójijì, tí wọ́n sì gbé ilé àti èèyàn lọ. Ó ń bu ẹ̀kọ sínú ewé bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ kejì ṣàpèjúwe ibi tí omi dé lára igi iná.

Láti Abẹ́òkúta, àpáta ń lọ sílẹ̀, iyanrìn ń pọ̀ sí i. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí mọ omi tọ́jú ju ti Ṣakí lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tó bá lówó l'Ékòó fi lè gbẹ́ bóhóòlù sẹ́yìnkùlé. Ẹni tí kò lówó ló ṣì gbára lé odò: ní Àkútè ni wọ́n ti ń fa omi Ògùn lọ sí Íjù, níbi tí ilé iṣẹ́ omi ti wà láti ọdún 1910, ilé iṣẹ́ omi Adíyàn náà ń fa tirẹ̀, wọ́n kọ́ ọ láti pèsè mílíọ̀nù àádọ́rin gáálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ láti inú odò kan ṣoṣo, èyí tí mo ki ọwọ́ bọ orísun rẹ̀ lọ́jọ́rú.

Mo bọ́ọ́lẹ̀ ní Kara. Ọjà màlúù wà lápá kan, omi ń lọ lábẹ́ afárá, ó dúdú, ó ru ìdọ̀tí. Mo gba ọ̀kadà títí dé ibi tí mo ti lè rí ọ̀sà lókèèrè. Òkun ayé ti ga sókè ní nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Nígbà tí ọ̀sà bá sì ga, odò tó ń bọ̀ láti òkè kì í rí ẹnu ọ̀nà jáde, á dúró, á máa wú, á yà sí Ìṣẹ́rì, á yà sí Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú, á yà sọ́dọ̀ wa.

Aago méje alẹ́ ni mo wọlé. Màmá ò tíì jẹ́ kí n jókòó tó fi béèrè, "Ṣé o bá mi bi í?" Mo sọ ti okùn aláwọ̀ mẹ́ta fún un, mo sọ ti ọ̀gọ̀dọ̀ tó tó ẹní méjì, mo sọ ti àwọn ọmọ Ìbarò. Ó dákẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ìyá Ìbejì, kò sì mọ̀ pé okùn ti di mẹ́ta.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ààrá sán. Òjò bẹ̀rẹ̀ lójijì, àkọ́rọ̀ gidi ti Èkó, òórùn ilẹ̀ gba gbogbo ilé. Màmá sáré dìde. Ó kó agbada, báàfù àti kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà síta sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ó wọlé padà pẹ̀lú orí tútù, ó ní kí n gbé àpò ìrẹsì ní ẹsẹ̀, a jọ gbé e kúrò nílẹ̀ sórí tábìlì, a gbé àpótí ìwé ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó fi ọwọ́ nu ògiri lójú ibi tí ilà náà wà, bíi pé ó ń wò ó bóyá ó ti tutù.

Mo pe Ìyá Ìbejì lórí fóònù. Ariwo òjò tiwa ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa, mo bi í lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò tíì ṣú, ọmọ mi," ó ní. "Ìràwọ̀ la ń wò."